Bí A Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Ìjọra-Ẹni-Lójú: Iṣẹ́ Ẹ̀mí Tí À Ń Ṣe Lójoojúmọ́

Ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú kì í sábà mọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ ìwà yìí, onífọ́nnu tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló ni ayé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, a ó sì tètè yọ ara wa kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, onífọ́nnu ló rọrùn jù láti dá mọ̀ nínú gbogbo wọn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wa kì í fọ́nnu rárá. Tiwa ni pé a kí èèyàn, kò dáhùn, ọkàn wa kò sì balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tiwa ni pé a mú àbá wá, ẹlòmíì gba ìyìn rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín sí i lójú, inú wa ń hó. Tiwa ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn níbi ìpàdé, wọ́n fo orúkọ wa.

Nítorí náà, ibi tí nǹkan ti ń dùn wá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ti ń yangàn. Inú ìwọ̀sí ni ìjọra-ẹni-lójú ti máa ń fara hàn kedere, torí ìgbà náà ni ọwọ́ bà àwòrán tí a ti yà nípa ara wa, tó sì figbe ta. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ tí yóò ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fọ́nnu yóò dúró pẹ́.

Ẹ má sì retí pé yóò yá. Nínú ẹ̀kọ́ Buddha, ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá ló de ọkàn èèyàn. Ìgbéraga, tí wọ́n ń pè ní māna, wà lára márùn-ún tó ń já kẹ́yìn. Èèyàn lè ti borí ìbínú àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kí èyí ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá dé òpin ọ̀nà pátápátá nìkan ló ń bọ́ nínú rẹ̀. Benedict, tó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Ítálì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, pín ìrẹ̀lẹ̀ sí àtẹ̀gùn méjìlá nínú òfin tó ṣe fún wọn. Méjìlá! Ó mọ̀ pé àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ torí Ọlọ́run pàápàá kò ní fi ẹsẹ̀ kan gùn ún dé òkè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ojú mẹ́ta tó ní

Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ní ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbéraga ń gbà wọn ara rẹ̀ mọ́ ẹlòmíì: "mo sàn jù ú," "èmi àti ẹ̀ dọ́gba," "mo kéré sí i." Ẹ̀kẹta yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Báwo ni ẹni tó ní òun kéré ṣe tún jẹ́ agbéraga?

Ẹ wo ẹni tó ń sọ ṣáá pé, "Èmi tí mi ò já mọ́ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ náà ló ṣì ń sọ. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ èèyàn, tó wá ń tọrọ àforíjì, tó ń sunkún, tó ń bú ara rẹ̀, títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi di ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ wo ẹni tó kọ iṣẹ́ tó lè ṣe dáadáa, torí ẹ̀rù ń bà á kó má kù díẹ̀ káàtó lójú àwọn èèyàn. Kò sí fọ́nnu kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ àwòrán ara ẹni ni wọ́n ń ṣọ́. Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé títẹ́ ara ẹni kì í ṣe oògùn àrùn yìí rárá. Oúnjẹ rẹ̀ ni.

Wọ́n sọ nípa Rábì Simcha Bunim, tó gbé ní Pólándì tó sì kú ní 1827, pé ó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi ìwé pélébé méjì sínú àpò méjì. Ọ̀kan ní: "Torí tèmi ni a ṣe dá ayé." Èkejì ní ohun tí Ábúráhámù sọ: "Erùpẹ̀ àti eérú ni mí." Èyí tí ọjọ́ náà bá béèrè ni kí èèyàn yọ kà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí kò fi dandan lé e pé egbòogi kan náà ló yẹ gbogbo aláìsàn. Ẹni tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kékeré, ìwé àkọ́kọ́ ni kó máa kà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gá, kó tọ́jú ìkejì sí àpò tí ọwọ́ rẹ̀ tètè ń dé.

Nǹkan kan tún wà tó ń da èèyàn rú, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìmúra. Nígbà tí Ànábì Muhammad kìlọ̀ pé ẹni tí ìgbéraga tó kéré bí ọmọ iná igún bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní wọ Àlùjáńnà, ẹnì kan bi í léèrè nípa ẹni tó fẹ́ràn kí aṣọ àti bàtà òun dára. Ó dáhùn pé Ọlọ́run rẹwà, ó sì fẹ́ràn ẹwà. Ìgbéraga ni kí a kọ òtítọ́ sílẹ̀, kí a sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn èèyàn. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn, wọ́n sì ṣeé fi wọn ara ẹni ní ọjọ́kọ́jọ́. Bí ọmọdé tàbí ọmọọṣẹ́ yín bá sọ òtítọ́ fún yín, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Báwo ni ojú yín ṣe rí nígbà tí ẹ ń wo ẹni tí kò lè ṣe yín lóore kankan? Aṣọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Nígbàkígbà tí nǹkan bá gún yín lọ́kàn, ẹ kọ ohun mẹ́ta síbẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo rò pé ó tọ́ sí mi tí wọn kò fún mi, ta ló wà níbẹ̀ tó rí i.

Inú ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ wà. "Wọn ò bọ̀wọ̀ fún mi" kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ nìyẹn. "Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wọn dákẹ́ nígbà tí mo la ẹnu" sún mọ́ òótọ́ jù. "Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà" tún sún mọ́ ọn sí i. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, bó bá tilẹ̀ ti yín lójú. Ẹ̀yin lẹ ni ìwé náà, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Ní ti ìbéèrè kẹta, ẹ óò rí i pé ìwọ̀sí kan náà tí ẹ lè gbójú fò níkọ̀kọ̀ máa ń di ọ̀ràn ńlá tí ẹni kẹta bá wà níbẹ̀.

Ara máa ń tètè mọ̀ ju ọkàn lọ. Ojú á gbóná, àyà á le, ohùn á yí padà. Ṣùgbọ́n àmì tó dá mi lójú jù ni ẹjọ́ tí à ń rò nínú orí. Èèyàn á dùbúlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó yẹ kó ti sọ lọ́sàn-án. Òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni lọ́yà, òun náà ni adájọ́. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ kò sí níbẹ̀, kò sì lẹ́nu àfi èyí tí a bá yá a. A ó jàre, lọ́jọ́ kejì a ó tún gbé ẹjọ́ kan náà dìde. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ jókòó sí kóòtù yẹn sínú ìwé, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun kò ráyè gbàdúrà tàbí ṣe àṣàrò yóò rí àyè náà níbẹ̀, ní odindi wákàtí.

Ignatius ti Loyola, ẹni tí wọ́n bí ní 1491, tó dá ẹgbẹ́ Jesuit sílẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì, ní ọ̀nà kan tó wúlò fún èyí. Ó ní kí èèyàn mú àléébù kan ṣoṣo, kó máa fi àmì tó-tò-tó sí orí ìlà nígbà méjì lóòjọ́ fún iye ìgbà tó bá ṣubú sínú rẹ̀, kó sì fi ọjọ́ kan wé òmíràn. Ó fi kún un pé lójú ẹsẹ̀ tí èèyàn bá ti ṣubú, kó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ṣeé ṣe láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn láìsí ẹni tó máa fura. Ọwọ́ tó lọ sí àyà yẹn máa ń já okùn ẹjọ́ inú orí kó tó gùn, ẹ dán an wò.

Kí ló dé tí a kò fi ní tún nǹkan ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́? Torí pé ẹni tó bá ti fẹ́ dára kíákíá yóò máa parọ́ fún ìwé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dúró sínú ìwọ̀sí náà díẹ̀ kí ẹ tó fèsì

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n kà tí wọn kò fèsì sí, ẹni tó já yín níwájú níbi tí ẹ ti tò sí ìlà, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ má fi ọgbẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ mí sínú kí ẹ sì mí síta nígbà mẹ́ta láìṣe ohunkóhun. Ẹ wá ibi tó ti gbóná nínú ara yín, ẹ jẹ́ kó gbóná níbẹ̀. Kò ní pa yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ nínú pé, "Àwòrán mi ni wọ́n fọwọ́ kàn." Kí ẹ wá bi ara yín: ká ní kò sẹ́ni tó rí i, ṣé yóò dùn mí tó báyìí? Kí ni mo pàdánù lóòótọ́?

Bí ẹ kò bá pàdánù nǹkan kan ju àwòrán yẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé ara yín, ẹ má dá àpárá tó ní ẹ̀gún nínú, ẹ má sì wojú àwọn ará ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n rí bí ẹ ṣe ní sùúrù tó. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ tọrọ ire kan fún ẹni náà, ire gidi, kì í ṣe "Ọlọ́run, jẹ́ kó mọ àṣìṣe rẹ̀."

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ pàdánù nǹkan lóòótọ́, bí owó, ẹ̀tọ́, ìlera tàbí iṣẹ́, tàbí tí irọ́ tó lè ba ayé yín jẹ́ bá ń jà ràn-ìn, ẹ dìde kí ẹ ṣe ohun tó yẹ. Ẹ lè lọ sí ilé ẹjọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbé kóòtù inú orí lọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé kò di agbéraga torí pé ó kó jáde. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́. Bí olórí kan bá ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò lè bi òun alára ní ìbéèrè, ẹ fura sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣe rere kan tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀

Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe bí a bá ń ṣàánú. Àwọn Mùsùlùmí náà ka ṣekárími sí ohun tó ń ba ìjọsìn jẹ́ láti inú wá. Ní Nishapur, nílẹ̀ Khurasan (Iran òde òní ni ìlú náà wà), ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, àwọn kan wà láàárín àwọn tó ń wá Ọlọ́run, Malamatiyya ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń fi ìsìn àti iṣẹ́ rere wọn pamọ́ kí ìyìn àwọn èèyàn má bàa bà á jẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n bú àwọn. Ìfipamọ́ náà ni kí ẹ mú. Ẹ fi wíwá èébú sílẹ̀ fún wọn, torí ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe máa bú òun ṣì ń wá ojú tó máa wo òun.

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ohun kan: ẹ san gbèsè kan fún ẹni tí kò ní mọ ẹni tó san án, ẹ tún ibi tí gbogbo èèyàn ń lò ṣe, ẹ gbàdúrà fún ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn. Ẹ má sọ fún ọkọ tàbí aya. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà kí ẹ fi orúkọ bò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Ẹ óò rí i pé ẹ ń wá ọ̀nà láti darí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kó lè dà bíi pé ó kàn bọ́ sí i ni. Ẹnu tó ń yún yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà, ó tilẹ̀ lè níye lórí ju oore tí ẹ ṣe lọ. Bí àṣírí bá tú fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ yí sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ ẹnu

Ẹni tó bá ń sọ ìrírí rẹ̀ fún yín, ẹ má fi tiyín lé e. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i. Bí ẹnì kan bá ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Ẹ máa sọ "Mi ò mọ̀" láìfi àlàyé tì í lẹ́yìn, àti "Òótọ́ lo sọ" láìfi "ṣùgbọ́n" tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yìn yín, "Ẹ ṣeun" ti tó. Ẹni tó ń jiyàn pẹ̀lú ìyìn ń tọrọ ẹ̀ẹ̀kejì ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bi ipò yín léèrè ohun tó ń ṣe fún yín

Ní ọdún 1095, Al-Ghazali wà lára àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó lókìkí jù ní Baghdad, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ Nizamiyya. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun yẹ ọkàn òun wò, òun rí i pé kì í ṣe torí Ọlọ́run ni òun ṣe ń kọ́ni, òkìkí àti ipò ni òun ń lépa. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló fi ń rò ó síwá sẹ́yìn. Lónìí yóò ní òun ń lọ, lọ́la yóò yí i padà. Níkẹyìn, ahọ́n rẹ̀ kọ̀, kò lè kọ́ni mọ́. Ó kúrò, ó lọ sí Damascus, ó sì lo ọdún púpọ̀ nínú ìfarapamọ́ àti ìjọsìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí. Èmi rí i pé apá tó kù ló ṣe pàtàkì jù: ní 1106 ó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní Nishapur, ó sì kú ní 1111. Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó ní ó yí padà ni ohun tí òun ń wá nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹ mú ìwé yín, kí ẹ dáhùn eléyìí: nínú iṣẹ́ mi, tàbí ipò mi nínú ìjọ, tàbí nínú ẹbí, apá wo ni mo máa ṣì máa ṣe bí wọ́n bá yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀? Apá wo ni mo máa pa tì? Láàárín oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi ohun kan nínú apá kejì yẹn lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kó ṣe é bó ṣe fẹ́, kó sì gba ìyìn rẹ̀. Yóò ṣe é yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe ń ṣe é, ó sì lè ṣe é dára jù yín lọ. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìrẹ̀lẹ̀ gan-an ni èyí máa ń ṣòro fún jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá ẹnì kan tó lè sọ ọ́ fún yín

Ojú kì í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí àmupara, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, fi èyí ṣe ìgbésẹ̀ karùn-ún nínú méjìlá wọn: kí èèyàn jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún Ọlọ́run, fún ara rẹ̀, àti fún ẹ̀dá ènìyàn mìíràn. Ẹni kẹta yẹn ló ń dí ọ̀nà àbùjá. Wọ́n tún gbà pé àìfi orúkọ ẹni hàn ní gbangba jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo àṣà ẹgbẹ́ wọn nípa ti ẹ̀mí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìwòsàn rẹ̀ di gbajúmọ̀.

Ẹ yan ẹnì kan tí kò bẹ̀rù yín, tí kò sì ń jẹun lábẹ́ yín. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ka ojú ewé kan nínú ìwé yín fún un. Ẹ gba ohun tó bá sọ láìfèsì lọ́jọ́ náà.

Pàkúté tó wà lójú ọ̀nà

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí bí àwọn ẹlòmíì ṣe jọ ara wọn lójú tó. Ojú yín á mú ṣáṣá sí i. Ẹ óò máa ṣàánú wọn. Ó ti padà dé nìyẹn, aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ló wọ̀ wá. John Cassian, mọ́ńkì tó gbé láàárín àwọn bàbá aṣálẹ̀ Íjíbítì, sọ nípa ògo asán pé àwọn àgbà máa ń fi í wé àlùbọ́sà: bí o bá ṣí ìpele kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn àkànṣe fún èyí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ṣe ń kọ ti tẹ́lẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo rò pé ó tọ́ sí mi, ta ló rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, ẹ má wo bí ẹ ṣe rí lára ara yín. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ jókòó sí kóòtù inú orí lóṣù yìí, kí ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ń tètè túká. Àwọn tó wà nítòsí yín lè ti rí i kí ẹ̀yin tó rí i: àwọn ọmọ á máa tako èrò yín láìbẹ̀rù, ẹni tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ á mú ìròyìn burúkú wá fún yín lásìkò. Bí ẹ bá sì jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìwé náà ṣófo, ẹ má kọ àlàyé kankan síbẹ̀ nípa ìdí tí ẹ fi jáwọ́. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì.